Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Gbogbo Wa Jọ Ń Gbà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka Sábọ́n Gàrí, Kánò)

Iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ fi rán mi lónìí ni pé kí n bá wa sọ̀rọ̀ lórí ewu tí ó wà ní àwọn ibi tí àwa ayálégbé jọ ń lò nínú ilé.

Gbogbo wa ni a mọ irú ilé tí púpọ̀ nínú wa ń gbé. Yàrá mẹ́fà kọjú sí yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo là wọ́n láàárín, kànga àti bàlùwẹ̀ wà lẹ́yìn. Ará Ọ̀fà wà ní yàrá kìíní, ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìkejì, Íbò wà ní ìkẹta, Ìdọ̀mà wà ní ìkẹrin. Yàrá olúkúlùkù mọ́ tónítóní, nítorí pé ẹni tí ó ń san owó rẹ̀ ni ó ń gbá a. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀? Onílé ní àwọn ayálégbé ni ó ń lò ó. Ayálégbé ní onílé ni ó ni ín. Láàárín àwọn méjèèjì ni ewu gbé jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ewu náà. Èkíní ni iná. Ìyá kan gbé sítóòfù sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ẹlòmíràn gbé sílíńdà gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ti alùpùpù rẹ̀ wọlé lálẹ́ nítorí olè, pẹ̀lú epo pẹtiróòlù nínú rẹ̀. A ti fi irin dí fèrèsé wa. Bí iná bá ṣẹ́ lóru, ibi kan ṣoṣo tí à bá gbà sá jáde ni iná náà gbé ń jó. Ẹ sì rántí pé nígbà ọyẹ́, gbogbo nǹkan ní ilẹ̀ yìí a máa gbẹ bí koríko, iná kékeré a sì di ńlá ní ìṣẹ́jú. Àwa tí a fojú rí bí iná ṣe jó ọjà Sábọ́n Gàrí ní oṣù Kẹta ọdún 2016, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù bá a lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ wa.

Èkejì ni wáyà. Wáyà tí onílé fà fún gílóòbù kan àti fáànù kan ni a so fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù iná mọ́. Bí wáyà bá gbóná ju agbára rẹ̀ lọ, rọ́bà ara rẹ̀ a yọ́, iná a sì bẹ̀rẹ̀ láti inú àjà níbi tí ojú kò tó.

Ẹ̀kẹta ni jẹnẹrétọ̀. Nínú èéfín rẹ̀ ni májèlé kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ẹni tí ó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń mí i sínú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń pa odindi ìdílé. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, ìbáà ṣe pé òjò ń rọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kànga tí kò ní ìdérí àti pákó ṣáláńgá tí ó ti jẹrà. Àwọn àgbà mọ ibi tí wọn yóò tẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí a fi ń dákẹ́? Ẹ̀rù ni. Ayálégbé ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní kí n kó ẹrù mi. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé onílé kò ní àṣẹ láti ju ẹrù ayálégbé síta láìfún un ní ìwé ìkìlọ̀. Bí ayálégbé kò bá sì jáde, ilé-ẹjọ́ ni ó kàn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ẹni kan ṣoṣo rọrùn láti lé. Yàrá méjìlá kò rọrùn láti lé lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan pe ìpàdé kí oṣù yìí tó parí. Ẹ pe àwọn Íbò, ẹ pe Ìdọ̀mà, ẹ pe Hausa; èdè Hausa tí gbogbo wa gbọ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́. Ẹ kó alùpùpù, sílíńdà àti epo kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé èyí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé garawa iyanrìn méjì sí ẹnu ọ̀nà. Iyanrìn ni a ń dà sí iná epo, kì í ṣe omi. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé nọ́ńbà 112 ni a ń pè ní pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé kan sí onílé, kí gbogbo yàrá fi ọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá gbà pé kí ẹ tún nǹkan ṣe kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó ilé, ẹ gba àdéhùn náà sílẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn onílé wà nínú ìjókòó yìí, tí wọ́n jẹ́ bàbá fún wa. Ẹ̀yin bàbá, a kò bá yín jà. Owó ìdérí kànga kò tó owó òkú ọmọ kan, ilé tí iná bá sì jó kì í pa owó wọlé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe é, kí àwọn onílé yòókù lè rí i kọ́.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A jáde nílé láti wá ire wá sí ilẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a mú ọmọ wa dé ilé láyọ̀.