Oúnjẹ Etí Omi fún Àlejò Oṣù Kẹjọ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò, níbi ìmúrasílẹ̀ ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

  

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ ohun tí a ó sè ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bá wá lo ìsinmi wọn nílé. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Oṣù mẹ́rin la fi jiyàn lórí aṣọ ẹgbẹ́. A yan àwọ̀, a pa á dà, a tún padà sórí ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi parí rẹ̀: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì dídín, mọ́ínmọ́ín, adìẹ, kí alásè kan láti Èkó máa gbé e bọ̀. Mi ò bá ìrẹsì jà. A ó sè é, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké yóò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú wá láti Lọ́ńdọ̀nù kò yẹ kó wá jẹ kìkì ohun tó lè rà ní Peckham.

Ìjẹ̀bú ni wá, ilẹ̀ wa sì nà dé ọ̀sà. Oúnjẹ etí omi ni mo fẹ́ kí a gbé kalẹ̀: tiwa, ti Èkó, ti Àgbádárìgì, àti díẹ̀ lára ti Ìlàjẹ, nítorí a ní àna níbẹ̀.

Ìkókorẹ́ ni n ó kọ́kọ́ sọ, òun ni n ó sì pẹ́ lé lórí jù. Ewùrà la fi ń sè é. Ẹni tó bá fi iṣu funfun dán an wò, kó pè é ní àsáró. Ìṣòro wa ni pé oṣù Kẹjọ kì í ṣe ìgbà ewùrà. Iṣu funfun tuntun yóò ti kún ọjà, ṣùgbọ́n ewùrà máa ń pẹ́ lóko jù ú lọ. Èyí tí a ó rí nígbà náà ni èyí tí àgbẹ̀ kó pamọ́ láti ọdún tó kọjá, yóò sì wọ́n. Nítorí náà, kí a ti bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kí a san àsansílẹ̀, kí a kó o sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹnì kan sì máa já èéhù rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èéhù ló ń jẹ iṣu nínú àká.

Bí a bá ti rin ewùrà náà tán, a ó fi iyọ̀ sí i. Ó máa ń yún ni lọ́wọ́, ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná nígbà náà: ata, àlùbọ́sà, epo, ẹja yíyan, edé. Kí a tó da gbogbo rẹ̀ sí i, kí a kọ́kọ́ bu ẹyọ kan sínú ọbẹ̀ náà wò. Bó bá tú ká, omi ewùrà náà pọ̀ jù, kí a ki í pọ̀ kó tó wọlé. Bó bá dì, ẹ máa bù ú sí i ní kúlúkúlú, ẹ dín iná kù, ẹ dé e, ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí yóò fi jinná. Lẹ́yìn náà la ó rò ó díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Ìkókorẹ́ tí kò ní kókó nínú mọ́ ti di ẹ̀kọ.

Àwọn kan ní kí a sè é nínú àgbá ńlá kan. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ yóò jóná, òkè kò ní jinná, nítorí a kò gbọdọ̀ rò ó. Àlejò 250 ni mo ṣírò. Ìkòkò àárín mẹ́fà ló yẹ, kí ẹni kọ̀ọ̀kan dúró ti tirẹ̀. Ẹ̀bà tútù la ó fi jẹ ẹ́, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Ìyẹn tún rọ̀ wá lọ́rùn: àárọ̀ la ó ti tẹ ẹ̀bà náà, kò sí pé ó ti tutù tàbí kò tíì tutù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Àwọn ìyá tó mọ bí a ṣe ń sè é fún èrò púpọ̀ kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ojú àwọn mìíràn kò rí iná dáadáa. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ wa tó ti òkè òkun dé rin ewùrà, kí wọ́n sì bu kókó náà, lábẹ́ ojú wọn. Alásè tí a ó háyà yóò dáná fún ìrẹsì, kò ní kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan kan. Bí owó bá jẹ́ ìdí tí ẹ fi ń lọ́ra, ewùrà àti ẹja kò ní wọ́n ju adìẹ odindi fún gbogbo tábìlì lọ bí a bá tètè rà á.

Ẹ jẹ́ kí n ti ti Èkó bọ̀ ọ́. Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó, ni wọ́n mú frejọ̀n wá. Orúkọ náà wá láti inú feijão, èyí tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n ń jẹ ẹ́, nítorí ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ẹran. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó jọ̀ ọ́, a ó fi oje àgbọn àti ṣúgà sè é títí yóò fi ki. Àwọn mìíràn ń fi kànáfùrù sí i. Ọbẹ̀ ẹja àti gàárì la fi ń bá a jẹ. Bí ẹ bá bi mí, kò sí òfin tó ní kí a má jẹ ẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n àgbọn àti ẹ̀wà tètè ń kan nínú ooru. Àárọ̀ ọjọ́ náà la ó fún oje, àárọ̀ náà la ó sè é, kí a sì jẹ ẹ́ tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi ránṣẹ́ sílé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó lọ sí Brazil náà kò sọnù. Àkàrà wa ni wọ́n ń pè ní acarajé ní Salvador, epo pupa ni wọ́n ṣì fi ń dín in, ìjọba wọn sì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2005. Àwa tó ni àkàrà, ẹ wò wá.

Pupuru Ìlàjẹ, ìkòkò kékeré kan péré. Gbágùúdá tí wọ́n rẹ, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì yan lórí iná ni. A ó ha èèpo dúdú rẹ̀ kúrò, a ó gún un, a ó kù ú, kí a tó rò ó. Òórùn èéfín rẹ̀ kò bá gbogbo ẹnu mu, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ marúgbó tí a fi ń jẹ ẹ́ dúdú. Fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò ni, àna wa yóò sì sè é.

Ẹja tútù, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rà lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí. Ẹja yíyan, kí a tún un yan ká tó lò ó, nítorí òjò oṣù Keje máa ń jẹ́ kó hu. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba akàn àti edé. Ètè wọn á wú, èémí á há. Kí akọ̀wé béèrè nínú lẹ́tà ìpè. Ìkòkò ìkókorẹ́ kan kò ní rí edé rárá, a ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀.

Ó ku ìpanu dídùn. Tápíókà ni n ó fi síwájú: kí a rẹ ẹ́ mọ́jú, kí a sè é títí yóò fi mọ́ gaara, kí oje àgbọn wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá tutù, kó sì wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ẹ má fi ṣúgà sí i láti ìdí iná. Kí ṣúgà wà lórí tábìlì. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá lára wa jà, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Gúrúdì àti baba dúdú wà fún àwọn ọmọdé. Àgbọn Àgbádárìgì ni kí a fi ṣe é, mo ti mọ ẹni tí yóò kó o wá.

Mo ń wá ènìyàn méjìlá tí yóò rin ewùrà, mẹ́fà tí yóò dúró ti ìkòkò, àti ẹnì kan tí èéhù yóò máa já lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín pẹ̀lú tiyín.