Kí Igi Tó Gbẹ: Ọ̀rọ̀ lórí Igi Tútù, Ọ̀fẹ́ àti Iṣẹ́ Ọwọ́

Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ń kọ́ni ní lítírésọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa igi. Ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀: gbẹ àti gbẹ́. Bí a bá fi ohùn àárín pè é, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ lára igi; bí a bá fi ohùn òkè pè é, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí yóò gbẹ́ igi ní láti tètè dé ibẹ̀ kí igi tó gbẹ. Láàrin àkókò kúkúrú náà ni igi tí à bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fi ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

1. Igi tútù

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà, tútù. Ẹran tí a kò tíì sè, ẹran tútù ni. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ewé tútù ni. Ẹni tí kì í tètè bínú, ọlọ́kàn tútù ni. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ní ìpín nínú gbogbo ìtumọ̀ wọ̀nyí: a kò tíì sọ ọ́ di nǹkan kan, omi kún inú rẹ̀, kì í sì í bá irin jà. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹ́gi ilẹ̀ Yorùbá fi ń gbẹ́ igi ní tútù. Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó bá àwọn agbẹ́gi Èkìtì ṣiṣẹ́, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ náà ń gbà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín.

Omi ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Igi kì í bẹ̀rẹ̀ sí súnkì títí omi inú rẹ̀ yóò fi dín kù sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, bí ó ti ń súnkì yípo a máa tó ìlọ́po méjì bí ó ti ń súnkì láti èèpo wọ àárín. Àìdọ́gba yìí ni ó ń la igi. Ojú ibi tí a ti gé e ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ náà ni ó ti kọ́kọ́ ń sán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí igi gbà gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà tàbí ìda kun ojú rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó gbé e sí abẹ́ ibòji, kí ó sì là á sí méjì gba àárín gbùngbùn.

Èmi náà a máa fi ẹ̀rọ yí igi ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀rọ náà yóò di igi mú, yóò máa yí i bírí, èmi yóò sì fi irin mímú gbẹ́ ẹ di abọ́. Bí abọ́ náà yóò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí n gbé e sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó gbẹ, kí n tó tún un yí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣe èyí ni mo máa ń rántí àlétúnlé.

2. Igi mángòrò kan

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ọgbà iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gé igi mángòrò kan tí ó ti fẹ́ wó lu òrùlé. Mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Apá ènìyàn kan kò ká ìtì náà. Mo tọrọ rẹ̀. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé igi ìdáná lásán ni ẹ wá ń tọrọ? Kò sí wàhálà, sà. Ẹ ṣáà bá wa kọ lẹ́tà.”

Mo kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà kọjá lórí tábìlì mẹ́ta, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìgbà ọ̀yẹ́ ni. Nígbà tí èsì dé pé kí n máa kó o lọ, igi náà ti là láti ojú dé àárín, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti dáná sun èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí. Agolo ọ̀dà kan wà nílé mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márààrún náà. Bí mo bá ti tọrọ àyè láti kun ojú igi náà lásán, bóyá à bá rí nǹkan mú níbẹ̀. Ìwé ni mo jókòó tì, mo gbàgbé igi. Ẹni tí ó ti ń kọ́ni fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún pé ọ̀rọ̀ ní àsìkò, kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

3. Ọ̀fẹ́ ní owó tirẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Igi ọ̀fẹ́ kì í ṣe igi tí kò ní olúwa. Ìdílé kan ni ó ni ilẹ̀ tí ó wó sí. Bí ó bá sì jẹ́ igbó ìjọba ni, ìjọba ni ó ni ín. A ní láti tọrọ, kí á kó èyí tí a tọrọ nìkan, kí á gbá ẹ̀ka àti èérún nílẹ̀. Èmi a máa gbé ọ̀kan nínú abọ́ tí mo bá fi igi náà yí padà fún ẹni tí ó fún mi. Ẹni tí ó bá rí i pé igi àgbàlá rẹ̀ di abọ́ yóò ránṣẹ́ sí wa nígbà mìíràn kí ó tó dáná sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé igi ni ó wọ́n. Ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1987, ìjì jà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí mílíọ̀nù 15 igi ni ó sì wó. Ọwọ́ mélòó ni ó lè gbẹ́ igi tí ó tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ? Ohun tí ó wọ́n ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, àti ìròyìn tí yóò tètè dé etí ọlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

4. Igi tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀

Àwọn onílù dùndún ní ìgbàgbọ́ kan. Wọ́n ní igi ọmọ̀ tí ó hù sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó yẹ fún ìlù, nítorí pé ó ti gbọ́ ohùn ènìyàn títí, yóò sì lè fọhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ni a máa ń gé nígbà tí a bá ń fẹ ọ̀nà tàbí tí a bá ń fa wáyà iná. Bí a bá sun ún ní ìdí ibi tí a ti gé e, agbẹ́gi yóò wá igi tì, ọmọ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò sì wá ohun tí yóò fi kọ́ṣẹ́ tì. Bí kò bá sí ẹni tí ń ṣe àlétúnlé mọ́, inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yóò kù sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí yunifásítì, ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gé igi kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn agbẹ́gi, agbẹ́dó àti onílù àdúgbò kí ayùn tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnìkan ṣoṣo ní àṣẹ láti sọ pé “Ẹ máa gbé e lọ” lọ́jọ́ náà. Kí agolo ọ̀dà sì wà nítòsí.