Ẹ̀jẹ̀ Tí Nik Kò Ta Sílẹ̀

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òfin àwọn baba ńlá, mo sì mọ̀ pé ìyìn ni ẹ ń retí lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi dé àríwá ilẹ̀ Albáníà.

Fíìmù kan ni mo wò, The Forgiveness of Blood, tí Joshua Marston ará Amẹ́ríkà darí, tí òun àti Andamion Murataj, ọmọ Albáníà, jọ kọ. Ní ọdún 2011, ó gba ẹ̀bùn ìwé eré tó dára jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin.

Ọkùnrin kan, Mark, ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé búrẹ́dì kiri. Ọ̀nà rẹ̀ gba orí ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti ìdílé rẹ̀ rí, tó wá di ti Sokol aládùúgbò rẹ̀. Sokol dí ọ̀nà náà. Ọ̀rọ̀ di ìjà, Sokol kú. Wọ́n mú arákùnrin Mark lọ sẹ́wọ̀n, Mark fúnra rẹ̀ sá pamọ́. Nik ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 17, kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, nítorí náà òun náà jẹ gbèsè ẹ̀jẹ̀.

Kanun ni wọ́n ń pe òfin yìí. Ẹnu ni wọ́n fi pa á mọ́ láti ìran dé ìran, títí àlùfáà Kátólíìkì kan, Shtjefën Gjeçovi, fi kó o jọ. Ọdún 1933 ni ìwé náà jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin àtẹnudẹ́nu ni o, ẹ̀yin ará mi. Ó ní a kò gbọdọ̀ pa ẹni tí à ń wá nínú ilé rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbẹ̀san lára obìnrin. Ààbò ni èyí jẹ́. Ààbò náà ló sọ Nik di ẹlẹ́wọ̀n nílé bàbá rẹ̀: kò lè lọ síléèwé, kò lè rí ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Rudina àbúrò rẹ̀ sì pa ìwé tì, ó gba ìjánu ẹṣin, ó ń gbé búrẹ́dì kiri. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́. Kí n má purọ́, òun ni mo ń wò jù.

Àwọn kan yóò ní àṣà ló burú. N kò gbà tán. Nínú Kanun tó pẹ́ jù, apànìyàn nìkan ló jẹ gbèsè. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n nà án dé orí gbogbo ọkùnrin ilé rẹ̀. Ènìyàn ló nà án. Nínú òfin kan náà ni besa wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà, tó lè dá ọwọ́ ìbọn dúró. Ní Kòsófò, ní ọdún 1990, Anton Çetta, ọ̀mọ̀wé tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó ìtàn àtẹnudẹ́nu jọ, kó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn láti ilé dé ilé, wọ́n ń bẹ àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ọ̀pọ̀ èrò péjọ sí Verrat e Llukës, ìdílé lẹ́yìn ìdílé sì dárí ẹ̀jẹ̀ jì ní gbangba. Ẹni tó mọ àṣà dénú ló mọ ibi tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú fíìmù yìí, àgbà pọ̀ lọ́jà. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń ṣírò iyì. Nígbà tó sú Nik, ó dá rìn lọ sílé àwọn ọ̀tá rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọn kò pa á. Ṣùgbọ́n ó ní láti fi ilé sílẹ̀, òun nìkan, nígbà tí Rudina dúró lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ̀yin àgbà tó fèsì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn kọ́kọ́ sọ tiwọn.