Ọ̀kadà Tó Sọnù Nínú Fáìlì Mi
Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà tí mọ́tò fi gbá wa. Egungun ojúgun mi ṣẹ́. Nígbà tí mo padà lọ gba ìwé lọ́sibítù, "RTA" nìkan ni mo bá níbẹ̀, jàǹbá ojú pópó. Kò sí ọ̀kadà kankan!

Ẹ wò ó, àwọn akọ̀wé fáìlì ló máa ń sọ ohun tí dókítà kọ di kóòdù. Nínú ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, S82 ni egungun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ láti orúnkún wálẹ̀. Ohun tó fà á tún ní kóòdù tiẹ̀. Èrò ọ̀kadà tí mọ́tò gbá lójú pópó, V23.5, ẹni tó ń wà á, V23.4. Tèmi wá di V89.2, ọkọ̀ tí wọn ò mọ irú ẹ̀. Akọ̀wé ò kúkú gbọ́dọ̀ fi tara ẹ̀ kún un. Tí wọ́n bá wá ń ka èrò ọ̀kadà tó fara pa, èmi ò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Torí náà, tí nọ́ọ̀sì bá bi yín, ẹ má kàn ní "áksídẹ́ǹtì". Ẹ sọ pé èrò ni yín, pé ọ̀kadà lẹ gùn, pé mọ́tò ló gbá yín. Ẹ sọ bóyá ẹ dé àṣíborí. Èmi ò dé e. Ojú ń tì mí, ni mo bá dákẹ́.