Kí a Tó Sọ Pé Fótò Kan Kò Dára
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ìdíje fótò bá ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tí a kù, ojú wa yóò rí ogún ọdún ẹgbẹ́ yìí o.

Àwa mẹ́rin tí ẹgbẹ́ yàn láti ṣe ìdájọ́ ìdíje fótò àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀. A lè kàn ka orúkọ àwọn tó gbégbá orókè, kí a sì padà jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a jẹ́wọ́ lójú gbogbo yín, nítorí pé ojú gbogbo yín náà ni a ti ṣe é.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí a kọ́kọ́ ṣe ìdíje yìí, fótò Ojúde Ọba ni a ní kí wọ́n mú wá. Ẹ mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá: régbérégbé lóríṣiríṣi nínú aṣọ ẹgbẹ́, ìdílé àwọn Balógun lórí ẹṣin, ìlù, ìbọn, eruku. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ mú fótò kan wá tí ó fi fóònù yà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ni ó wà níbẹ̀, ó wọ léèsì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Léèsì náà ń tàn yanran, ṣùgbọ́n ojú ìyá dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. A gbé fótò náà sókè nínú gbọ̀ngàn, ọ̀kan nínú wa sì sọ pé, "Èyí ńkọ́? Ṣé aṣọ ló ń dá rìn lọ sí Ojúde Ọba ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rọra dìde, ó jáde, kò sì bá wa ṣe ìdíje mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá yìí fi wá sílẹ̀. Nígbà tí a ń kó fótò jọ fún ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí, a wá tirẹ̀ títí. Èyí tí a rí nínú fótò ẹgbẹ́, gèlè ẹlòmíràn ti bo ìdajì ojú rẹ̀. Èyí tó wà lára fọ́ọ̀mù, ó le ojú koko bí ẹni tí a mú ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó ń rẹ́rìn-ín bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ni a rántí ọmọ télọ̀.

Méjì nínú wa lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún wa. Fótò náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, kò pa á rẹ́. Ó fún wa láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé, "Ẹ̀yin òbí mi, mo mọ̀ nígbà náà pé ojú màmá dúdú. Mo rò pé ẹ máa sọ fún mi bí mo ṣe lè ṣe é tí kò fi ní í dúdú mọ́ ni." A kò rí èsì fọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, aṣọ àwọn oníbàárà nìkan ni òun ń yà, òun kò ya ojú ènìyàn mọ́.

Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa bá wa fi kún ìmọ́lẹ̀ ojú ìyá. Fótò náà ni ẹ ó rí lójú ewé àwọn olóògbé wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tí a fọ́ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ni ó mú kí a jókòó, kí a sì tún ọ̀nà ìdájọ́ wa ṣe. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ sọ fún yín.

Èkíní, kí a wò ó kí a tó sọ̀rọ̀, kí a sì bi ẹni tó yà á léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan mú fótò ẹṣin tó ń sáré wá. Ẹsẹ̀ ẹṣin kò hàn kedere, ilé tó wà lẹ́yìn sì fà gbọọrọ. Ó kù díẹ̀ kí a sọ pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. A bi í. Ó ní òun ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ẹṣin náà bí ó ṣe ń kọjá, kí eré rẹ̀ lè hàn. A tún fótò wò: ojú ẹni tó gun ẹṣin mọ́ kedere. Ohun tí a fẹ́ pè ní àṣìṣe, ọgbọ́n ni. Ẹlòmíràn mú ẹṣin tirẹ̀ wá, níbi tí ẹṣin, ènìyàn àti ògiri ti dàrú pọ̀. Ìyẹn ni ọwọ́ gbọ̀n lóòótọ́. A sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ kí ẹṣin tó ń sáré dúró digbí nínú fótò, kí ojú kámẹ́rà máà ṣí ju ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Èkejì, kí a sọ ohun tó dára níbẹ̀, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. "Ó dára" lásán kò kọ́ni ní nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí "kò dára" lásán kò ṣe kọ́ni. Bí a bá sọ pé, "Ojú wa kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀rín ìyá yìí, nítorí pé o sún mọ́ ọn, o sì dúró dè é títí ó fi gbàgbé pé kámẹ́rà wà," ọmọ náà yóò mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe lọ́la. Ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí a sọ.

Ẹ̀kẹta, kí a dárúkọ àṣìṣe, ohun tó fà á, àti ohun tí a lè ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí léèsì funfun. Kámẹ́rà kò mọ ẹni tí ìyá jẹ́. Ńṣe ni ó ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Bí ohun funfun bá pọ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú ènìyàn dúdú yóò sì wọ òkùnkùn. Kí ni àtúnṣe rẹ̀? Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fi ìka kan ojú ènìyàn náà lórí gíláàsì, kí o sì fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ sábẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kọjú síta. Yẹra fún oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí òjìji gèlè àti fìlà máa ń bo ojú nígbà náà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ dára jù. Ìṣẹ́jú kan kò ní í kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú kan náà ni a fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a má di ẹrù tó ju agbára lọ lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lórí. Bí àṣìṣe mẹ́wàá bá wà nínú fótò kan, mú ọ̀kan tàbí méjì tó ṣe kókó jù. Ìyókù di ìgbà mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, kí adájọ́ mọ àṣà. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fótò, ó dé Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà wa máa ń jókòó dọ́gba, wọn a kọjú sí kámẹ́rà, wọn a gbé ọwọ́ lé orúnkún tàbí itan nínú aṣọ tó gbayì jù. Ẹni tó kọ́ fótò nínú ìwé òyìnbó nìkan yóò ní ìjókòó náà ti le jù. Ipò àti ìwà àgbà ni ìjókòó náà ń fi hàn. Ohun tó yẹ kí a sọ fún ọmọ tó ya irú rẹ̀ ni pé ó gé ìrùkẹ̀rẹ̀ bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí pé òpó iná ń hù jáde lórí fìlà rẹ̀. Ẹ rántí J. D. 'Okhai Ojeikere náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ẹ̀yìn orí ni ó kọjú sí wa nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ká ní adájọ́ kan dá a dúró pé fótò tí kò ní ojú kì í ṣe fótò, irun tí a kò dì mọ́ lónìí ì bá ti sọnù.

Ẹ̀kẹfà, ìyìn ni ti gbangba, ìbáwí ni ti kọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí, a kò gbé fótò ẹnikẹ́ni sókè láti tọ́ka sí àbùkù rẹ̀. Olúkúlùkù gba ìwé pélébé kan: ohun tí a rí, ohun tó dí i lọ́wọ́, ohun tí yóò dán wò. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa láyè láti fèsì. Ẹni tó ń la ọ̀nà kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, àwa adájọ́ náà sì ń la ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa bi wá pé ṣé a kò ní í ba àwọn ọmọ jẹ́ báyìí, pé ìgbájú ni ọ̀gá tirẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ìbéèrè gidi ni. Èsì wa ni pé a kò fi àánú pín ẹ̀bùn. Fótò tí kò tó, a sọ pé kò tó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Lọ́jọ́ náà, òsì nìkan ni a lò.

Ọmọ télọ̀ wa wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó gbà kí a sọ ìtàn yìí, a kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Níwájú gbogbo yín, a bẹ̀ ọ́, ọmọ wa, má bínú. Ó tún mú fótò wá lọ́dún yìí, kò gba ẹ̀bùn. Ojú ẹni tó yà hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó gé ẹsẹ̀ ènìyàn náà kúrò níbi ọrùn ẹsẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé pélébé fún un. Nígbà tí ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, màá gbé bàtà wọn wá."

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a fi ń parí ọ̀rọ̀ wa. Bí ọmọ yín bá fi fótò han yín lórí fóònù, ẹ má kàn sọ pé "ó dára" kí ẹ sì kọjá. Ẹ wò ó. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ rí, kí ẹ sì bi í léèrè ohun kan. Ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni fótò wa yóò wà nígbà tí àwa náà bá di ẹni tí wọ́n ń wá fótò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní í tú o.