Afẹ́fẹ́ Inú Táyà, Omi Ojú Títì

 

Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lọ́dọ̀ fọkanáísà: "Ọ̀gá, ẹ bá mi dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù, kó lè di ilẹ̀ mú." Ọlọ́kadà tó ń sọ ọ́ kò purọ́. Ibi tó fẹ́ lò ó ni kò yẹ ẹ́.

Ẹni tó ń gbé kòkó bọ̀ láti oko lójú ọ̀nà ẹrẹ̀, tàbí tó ń la inú yanrìn kọjá, jàre bó bá dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀. Ilẹ̀ rírọ̀ máa ń rì. Táyà tó bá tẹ́ díẹ̀ á pín ẹrù sórí ilẹ̀ tó fẹ̀, kò ní wọlẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í rì. Bí òjò bá rọ̀ sójú títì ọlọ́dà, omi ló dúró sáàárín táyà àti ilẹ̀. Iṣẹ́ táyà ni kó lé omi yẹn kúrò, kí rọ́bà lè kan òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọ̀dà. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ sí i ló sì ń fún un lágbára láti lé e.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ká ní máṣíìnì, ẹni tó ń gùn ún àti èrò méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ (mo mọ̀ pé òfin ò fẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí à ń rí) wúwo tó kílò 310, kí nǹkan bí 200 nínú rẹ̀ sì wà lórí táyà ẹ̀yìn. Bí gééjì bá ka 32 PSI nínú táyà náà, ibi tó fi kan ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró lọ, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka mọ́ ọn. Bí a bá dín in sí 20, ibẹ̀ á fẹ̀ tó 140. Ẹnìkan lè wá ní: ṣebí èyí tó fẹ̀ ló dára? Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kò kúkú pọ̀ sí i. Kílò 200 yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti fọ́n káàkiri ni. Ojú kọ̀ọ̀kan ń tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú agbára tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, omi á sì rí àyè jókòó sí. Àárín táyà tó rọ̀ tún máa ń wọnú, àwọn ìlà tí wọ́n fín sí i láti fi gbé omi jáde á sì pa ẹnu pọ̀. Bí ẹ bá wá tẹ bírékì gbì, táyà lè yí lórí ríìmù, kó fa túùbù, kí ẹnu tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ já.

Lọ́dún 1963, Walter Horne àti Robert Dreher, ní ibùdó ìwádìí NASA tó wà ní Langley ní ìpínlẹ̀ Virginia, Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí táyà ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sójú pápá tí omi bò. Wọ́n rí i pé eré kan wà tí táyà máa ń sá débẹ̀ tí omi á gbé e pátápátá, tí kò ní kan ilẹ̀ mọ́, àti pé afẹ́fẹ́ inú táyà ló ń sọ bí eré náà ṣe máa pọ̀ tó. Tí a bá tẹ̀lé ìṣirò wọn, táyà tó ní 36 PSI á sá tó 100 kìlómítà ní wákàtí kan kí omi tó gbé e. Èyí tó ní 25, nǹkan bí 83. Èyí tó ní 16, kò tó 67.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn ìṣirò yìí, wọ́n sì fẹ́ fi ṣàlàyé gbogbo ìṣubú. Èmi ò gbà. Táyà máṣíìnì tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì rí róbótó, ó ń la omi bí ẹnu ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ta ló sì ń sá 83 láti Mápó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn nínú òjò? Ohun tó ń gbé yín ṣubú níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Àkọ́rọ̀ òjò ni ẹ bá mi wò. Láti ìgbà ọyẹ́ ni dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ti ń kán sílẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn takisí Micra ti ń dúró gbé èrò. Eruku bò ó, ẹ̀rún rọ́bà táyà náà wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó fọ̀ ọ́. Òjò wínníwínní tó kọ́kọ́ dé kò pọ̀ tó láti gbá a lọ, ó pọ̀ tó láti pò ó. Ohun tó pò yẹn ló ń yọ̀. Ọ̀wààrà tó rọ̀ fún wákàtí kan tí àgbàrá sì ti kó ìdọ̀tí lọ, ó sàn ju wínníwínní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wààrà ló ń ba èèyàn lẹ́rù. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń fa ìlà sójú títì àti irin tí wọ́n fi ń bo ihò burú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Kódà níbi tí kò sí ọ́ìlì, omi nìkan ń gba tirẹ̀. Ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan, lójú títì gbígbẹ tó dáa, bírékì lè dá máṣíìnì dúró láàárín nǹkan bíi mítà 9. Bó bá tutù, ó di mítà 16. Ẹ má gbàgbé mítà 11 tí ẹ ti lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọwọ́ tó dé bírékì.

Láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, mo rí àwọn tó ń fẹ́ táyà títí á fi le gan-an, kí máṣíìnì lè fúyẹ́ lójú ọ̀nà, kó má jẹ epo. Òótọ́ ni, ó ń dín epo kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú títì wa kún fún kòtò. Táyà tó le bẹ́ẹ̀ máa ń fò, ìgbà tó bá sì wà lókè, kò di ilẹ̀ kankan mú. Ìwé tó bá máṣíìnì wá ni kí a tẹ̀ lé. Fún ọ̀pọ̀ máṣíìnì kéékèèké tó ń wá láti Íńdíà, nǹkan bí 25 ni níwájú, 28 lẹ́yìn fún ẹni kan ṣoṣo, 32 bí èrò bá wà.

Àtàǹpàkò ò lè sọ ìyàtọ̀ 20 sí 32. Fọkanáísà tí kò ní gééjì ń méfò ni, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wọn sọ níní gééjì di ọ̀ranyàn. Gééjì náà tún ní ìgbà tí à ń lò ó. Bí táyà bá ti gbóná ní ọ̀sán tó fi tó 60 lórí ìwọ̀n Celsius, tí gééjì sì ka 32, ẹ má yọ̀. Jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, kó tutù sí 25 lórí ìwọ̀n kan náà: gééjì á ka nǹkan bí 27, láìjẹ́ pé ó jò rárá. Ẹni tó tún ti dín in kù lọ́sàn-án nítorí òjò tó ń ṣú ti dín in kù lẹ́ẹ̀mejì. Ṣáájú kí ẹ tó gùn ún lówùúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Wọ́n á bi mí léèrè nípa táyà tó ti jẹ. Afẹ́fẹ́ kò lè ràn án lọ́wọ́. Kò sí ìlà tí omi máa gbà jáde mọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú: 2319 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń gan, ìlà rẹ̀ ì báà jinlẹ̀.

Mo ti bẹ ọ̀gá fọkanáísà kan, ó ti dé síta pẹ̀lú gééjì rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, máṣíìnì yín ti wà lábẹ́ òjìji igi níta láti àárọ̀, ó ti tutù dáadáa, nítorí náà nọ́ńbà tó bá kà lónìí ṣeé gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n, ti ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ wọ̀n.