Wáyà Abẹ́ Ilẹ̀ tí Ó Gbọ́ Ohùn Òkè Òkun

Òkè gogoro li a mọ̀ pé a í ta wáyà rédíò sí. Ṣùgbọ́n li àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, James Harris Rogers, ará Hyattsville li Amẹ́ríkà, gbẹ́ kòtò, ó sì sin wáyà sínú rẹ̀, èyí tí a bò lára kí erùpẹ̀ má bàa kan irin rẹ̀. Láti ibẹ̀ li ó ti ńgbọ́ ìròyìn Yúróòpù.

Ìgbì rédíò tí ńkọjá lókè a máa ki ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ díẹ̀. Ohùn tí ó dé ara wáyà náà kéré jọjọ, àwa kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo àrá dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí li àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà rí tí nwọ́n fi gbà á lò, nítorí li ojú ogun, ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì gbọ́ lè mú ọkọ̀ rì. Ẹni tí yóò bá dán an wò, kí ó na kòtò rẹ̀ sí ọ̀kánkán ibi tí ohùn ti ḿbọ̀.